Díẹ̀díẹ̀ Ni Iṣan Ń Lágbára

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi tí ẹ ń gbé irin lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ gbọ́ ìtàn irin o.

Milo ará Croton jẹ́ ajìjàkadì láyé àwọn Gíríìkì àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló borí ní Olympia. Wọ́n ní ojoojúmọ́ ló ń gbé ọmọ màlúù kan lé èjìká. Bí màlúù ti ń dàgbà ni agbára Milo ń pọ̀, títí tó fi ń gbé odindi akọ màlúù. Àbùmọ́ lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Ó pẹ́ kí àwọn dókítà tó lo ọgbọ́n náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ṣọ́jà tí orúnkún wọn ti bàjẹ́ kún ilé ìwòsàn ológun Gardiner ní Chicago, ẹsẹ̀ wọn gbẹ bí igi ìdáná. Ẹrù fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n ń ní kí wọ́n máa gbé lọ́pọ̀ ìgbà, ara wọn kò sì tètè yá. Dókítà Thomas DeLorme, tí òun náà ti fi irin gbígbé gba okun padà lẹ́yìn àìsàn, ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n wọ bàtà irin, ó sì ń fi irin kún un bí agbára wọn ti ń pọ̀. Ẹsẹ̀ tó gbẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ó kọ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1945. Ní 1948, òun àti Watkins ṣe ètò ìpele mẹ́ta, ìgbà 10 ní ìpele kọ̀ọ̀kan: ìdajì ẹrù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ wá rí ibi tí “mẹ́wàá-mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹta” yín ti wá?

Kí wá ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara? Ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan àkọ́kọ́, ọpọlọ àti ẹ̀yà ara tó ń jíṣẹ́ fún un ló ń mọ iṣẹ́ sí i. Iṣan kò tíì tóbi púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí agbára fi máa ń ṣáájú ìrísí. Lẹ́yìn náà, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín inú iṣan á máa nípọn sí i. Ní 1961, Alexander Mauro rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́nrán iṣan ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ló ń ṣàtúnṣe iṣan tó bá fara pa. Oúnjẹ àti oorun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà yọrí.

Nítorí náà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá, má wo irin ẹni tó ti ń gbé e láti ọdún mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọmọ màlúù ni kí o kọ́kọ́ gbé.