Òòfà Òṣùpá àti Òòfà Ayé: Ẹ̀rí Láti Barking Tó Tako Àbá Afẹ́fẹ́

Àbá àtijọ́ kan tún ti gbérí, ẹni tó sì gbé e dìde kì í ṣe òpè. Ó ní àìsí afẹ́fẹ́ lójú òṣùpá ló jẹ́ kí nǹkan fúyẹ́ níbẹ̀: afẹ́fẹ́ ló ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ láyé, níbi tí kò bá sì sí afẹ́fẹ́, kí ni yóò tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀? Àbá náà dùn létí, ó sì rọrùn láti fi kọ́ ọmọdé. Ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi yẹ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òòfà jẹ́ àti ohun tí ìwúwo jẹ́ kì í ṣe tuntun sí òǹkàwé jọ́nà yìí, nítorí náà a ò ní dúró lórí wọn.

Ẹ̀rí tó kọ́kọ́ tako àbá yìí tan mọ́ Barking, níhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1762, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret tó ṣì dúró níbẹ̀ dòní, James Cook gbé Elizabeth Batts níyàwó. Lọ́dún 1769, Cook àti àwọn onímọ̀ tó bá a lọ wà ní erékùṣù Tahiti, wọ́n ń wo àgùàlà, ajá òṣùpá, bó ṣe ń gba iwájú oòrùn kọjá. Endeavour ni ọkọ̀ tó gbé wọn lọ. Nígbà tí Amẹ́ríkà rán Apollo 15 lọ sí òṣùpá lọ́dún 1971, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n sọ ọkọ̀ tó ń yí òṣùpá po, wọ́n sì mú ègé igi kan láti ara ọkọ̀ Cook dání.

Ìrìn-àjò yẹn ni David Scott, ọ̀kan lára àwọn tó lọ, ti dúró síwájú kámẹ́rà lójú òṣùpá, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìyẹ́ àṣá lọ́wọ́ òsì. Ó jọ̀wọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jọ balẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí nìyẹn. Ohun tó yẹ kí oníàbá wa wò ni pé wọ́n tilẹ̀ bọ́: kò sí afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ́n, síbẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n forí lé. Wọ́n rọra bọ́ ni, torí wọ́n lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kí wọ́n tó kanlẹ̀. Láyé, òòlù yẹn kò ní lò tó ìdajì àkókò náà.

Bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, lójú àgùàlà ni ènìyàn ì bá ti wúwo bí òkúta ńlá, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 90 ti ayé. Àmọ́ òòfà rẹ̀ kò tó tiwa. Ìdá 9 nínú 10 ni. Titan, tó ń yí Saturn po, tún le jù fún àbá náà: afẹ́fẹ́ rẹ̀ nípọn ju tiwa lọ, òòfà rẹ̀ kò sì tó ti òṣùpá pàápàá. Oníàbá wa fi àbájáde ṣe ìdí. Òòfà òṣùpá tó kéré wà lára ohun tí kò jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́ dì mú. Ohun tó bá ń sáré kìlómítà 2.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, 11.2 ni ayé ń béèrè.

Kí wá ni ìdí? Ibí yìí ni àwọn tó tako àbá afẹ́fẹ́ pàápàá ti máa ń kánjú. Wọ́n á ní òṣùpá kéré, ó tán. Kò tán o. Ohun méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan sì ń fa òòfà wálẹ̀ nígbà tí èkejì ń gbé e sókè.

Èkíní ni iye ohun tó kóra jọ. Òṣùpá 81 ló tó ayé kan. Bó bá jẹ́ pé èyí nìkan ló ń pinnu òòfà, àpò ìrẹsì kílò 25 tí ènìyàn rà ní Dagenham Heathway kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́ta kílò, bí a bá fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì wọ̀n ọ́n lójú òṣùpá. Àmọ́ nǹkan bíi kílò 4 ni òṣùwọ̀n náà yóò kà. Ìsúnmọ́, tó jẹ́ ohun èkejì, ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó dúró lójú òṣùpá fi kìlómítà 1,737 jìnnà sí àárín gbùngbùn rẹ̀; láyé, 6,371 ni, ìyẹn ìlọ́po 3.67. Òfin tí Newton tẹ̀ jáde lọ́dún 1687 sì ni pé bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, òòfà á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ sọ 3.67 di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi 13.5. Ẹ fi èyí pín 81, 6 ni yóò jáde. Ibẹ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́fà tó wà nínú gbogbo ìwé ilé-ìwé ti wá, kì í ṣe láti inú kíkéré nìkan. Uranus jẹ́rìí sí i: ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ìlọ́po 14 ti ayé lọ, síbẹ̀ òòfà òkè rẹ̀ kò tó ti ayé, torí pé òkè náà jìnnà púpọ̀ sí àárín.

Ó ku irin, tó wà lábẹ́ ohun èkíní. Ká ní ohun tí òṣùpá jẹ́ ki bíi ti ayé ni, òòfà rẹ̀ ì bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n ìlọ́po 5.5 ni ayé fi ki ju omi lọ, 3.3 ni ti òṣùpá, nítorí irin tó kún ikùn ayé kò tó nǹkan nínú tirẹ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí kò sọ pé kò sí ohun tí ìwádìí mìíràn lè fi kún un. Ó kàn dà bí ẹni pé ohun tó wà nílẹ̀ báyìí kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tó tọ́ sí iṣẹ́ tirẹ̀. Òòfà òṣùpá, bó ti kéré tó, ń dé Barking lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní Creekmouth, níbi tí odò Roding ti wọnú Thames, omi lè fi nǹkan bíi mítà 6 ga nígbà tó bá kún ju ìgbà tó bá fà lọ. Lẹ́yìn ìkún omi ọdún 1953 tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní etíkun ìlà-oòrùn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́ ìdènà síbẹ̀: ilẹ̀kùn irin ńlá kan tó wà lókè láàrin ilé gogoro méjì, tí ọkọ̀ ojú omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí òkun bá fẹ́ ya wọlé. Ní etíkun Èkó, ìyàtọ̀ láàrin kíkún àti fífà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Òṣùpá kan náà ló ń fa méjèèjì. Àkọsílẹ̀ omi Thames àti ti Èkó ni iṣẹ́ tó ń bọ̀ yóò gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti ya ohun tó jẹ́ ti òṣùpá sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí fífúnra odò àti ìrísí etíkun fi kún un.