Dídín Oúnjẹ Afúnnilókun Kù fún Asáré Ọ̀nà Jíjìn

Ẹni tó ń dín oúnjẹ afúnnilókun kù ni ẹni tó fà sẹ́yìn nídìí iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì àti ohun aládùn, tó wá ń fi ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti ọ̀rá yó. Sítáàṣì àti ṣúgà tó ń jẹ lóòjọ́ kì í sábà ju gíráàmù 130 lọ. Àwọn tó ń ṣe keto kì í kọjá 50. Àṣà náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1863 ni William Banting ní London tẹ ìwé pẹlẹbẹ jáde lórí bí irú ìjẹun yìí ṣe mú ara rẹ̀ fúyẹ́. Robert Atkins, dókítà ará Amẹ́ríkà, sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1972. Bí ẹni tó ń jẹun báyìí bá fẹ́ sá eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin, àwọn nǹkan kan wà tó gbọ́dọ̀ yí padà, pàápàá ní ìlú olókè bí Enugu.

Inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ni ara ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sí, tí a ń pè ní gláíkójìn. Ti iṣan a máa tó gíráàmù 400 sí 500, ti ẹ̀dọ̀ a tó bí 100. Àpapọ̀ agbára tó wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju kálórì 2,000 lọ. Ẹni tó wọn kílò 60 ń ná nǹkan bíi kálórì 60 lórí kìlómítà kan, nítorí náà kìlómítà 42.195 yóò gba bí 2,500 lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ asáré fi ń rọ jọwọrọ ní àyíká kìlómítà 30. Ọ̀rá kì í tán bẹ́ẹ̀, ẹni tó tín-ín-rín pàápàá ru èyí tó ju kálórì 30,000 lọ. Àmọ́ ọ̀rá ń gba ọ́síjìn ju ṣúgà lọ kó tó mú ìwọ̀n agbára kan náà wá, kì í sì í yára jó.

Ẹsẹ̀ òkè Udi ni Enugu wà, ìlú tí èédú tí wọ́n rí ní 1909 bí. Lójú títì tó tẹ́jú, asáré lè fi ọ̀rá sáré pẹ̀lẹ́ dé ilé. Bó bá kọrí sí Milken Hill, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tó gòkè lọ sí Ngwo, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn ti di ọ̀wọ́n, tí ọ̀rá nìkan kò ní lè gbé e.

Ìwádìí fara mọ́ èyí. Òótọ́ ni pé olùṣèwádìí Stephen Phinney fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bọ́ agunkẹ̀kẹ́ márùn-ún pẹ̀lú ọ̀rá ní 1983, tí agbára wọn láti pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ kò sì dínkù. Ní 2016, Jeff Volek fi hàn pé àwọn asáré tí irú oúnjẹ yìí ti mọ́ lára ń jó ọ̀rá ní ìlọ́po méjì àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn jó ọ̀rá yàtọ̀ sí kó borí. Ní 2017, Louise Burke gbé èsì ìdánwò jáde láti Ọsirélíà lórí àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn díje: àwọn tó jẹ sítáàṣì yára sí i ní kìlómítà 10, àwọn tó jẹ ọ̀rá kò yára, ọ́síjìn tí wọ́n ń ná sì pọ̀ sí i. Àwọn asáré Kẹ́ńyà ńkọ́? Ju ìdá méje nínú mẹ́wàá agbára oúnjẹ wọn lọ ni wọ́n ń rí nínú ugali, òkèlè àgbàdo wọn, àti irú rẹ̀.

Nítorí náà, kí oúnjẹ tẹ̀lé iṣẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi àti ọjọ́ eré pẹ̀lẹ́ tí kò tó wákàtí kan, kí asáré jẹ ọbẹ̀ láìsí òkèlè. Kó ṣọ́ ohun tí wọ́n fi ki ọbẹ̀ o: iṣu ni wọ́n fi ń ki ọbẹ̀ nsala, kókò ni wọ́n fi ń ki ọbẹ̀ ewé ọra (oha), ẹ̀gúsí sàn jù. Ọkpa, tí wọ́n ń tà ní gbígbóná fún àwọn arìnrìn-àjò ní 9th Mile lẹ́bàá Enugu, máa ń tan ènìyàn jẹ. Ó jọ mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ẹ̀pà tí wọ́n fi ń ṣe é, tí àwọn Haúsá ń pè ní gúrjíyà, ni oúnjẹ afúnnilókun. Purotéènì tó ìdá kan. Kò bá keto mu rárá. Fún asáré tó ń dín tirẹ̀ kù níwọ̀nba, mi ò mọ oúnjẹ àdúgbò tó dára tó o ní alẹ́ tó ṣáájú eré orí òkè. Kó má ṣe jẹ ẹ́ kó tó gbéra, epo inú rẹ̀ á fà á sẹ́yìn. Bí eré bá máa ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, kó máa jẹ gíráàmù sítáàṣì tàbí ṣúgà 30 sí 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan; ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní bí 25. Inú gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ ìdíje tó dé.

Omi náà ṣe kókó. Gíráàmù gláíkójìn kan di bí gíráàmù omi mẹ́ta mú, nítorí náà omi ló pọ̀ jù nínú kílò tó ń jábọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iyọ̀ sì ń bá a lọ. Orí fífọ́ àti òòyì tí ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àìtó iyọ̀ ló sábà máa ń fà á. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń ra omi lọ́wọ́ ọkọ̀ agbómi, kí asáré pọn tirẹ̀ sílẹ̀ láti alẹ́.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, aláboyún, àti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó dá a lé. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ afúnnilókun kù kí dókítà tó bá a ṣètò ìwọ̀n oògùn rẹ̀, nítorí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójú ọ̀nà.