Ọṣẹ àti Mẹ́kúrì: Ìtàn Àyẹ̀wò Kan

Kí ilé àyẹ̀wò tó dé, àwọn obìnrin tó ń se ọṣẹ dúdú ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá ojúlówó mọ̀. Wọn a jó èèpo kòkó di eérú, wọn a sẹ́ omi eérú náà, wọn a fi àdín sè é pọ̀. Bí omi eérú bá pọ̀ jù, ọṣẹ a máa ta ara. Bí àdín bá pọ̀ jù, kò ní hó dáadáa. Ọwọ́ àti awọ ara ni òṣùwọ̀n wọn. Òṣùwọ̀n náà sì tó, nítorí pé kò sí àjèjì èròjà nínú ìkòkò wọn.

Ní 1923 ni Lever Brothers dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ọṣẹ di iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ojúlówó bọ́ sọ́wọ́ onímọ̀ kẹ́míkà. Síbẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ kò jìnnà sí ti àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ: báwo ni ọ̀rá inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, báwo ni omi ṣe pọ̀ tó, ṣé kọ́sítíìkì sóódà ṣẹ́kù? Láti mọ ti ìkẹyìn yìí, a ó yọ́ ọṣẹ nínú ọtí líle, a ó kán phenolphthalein sí i. Bí ó bá pọ́n, kọ́sítíìkì wà níbẹ̀ tí ó lè jẹni lọ́wọ́.

Ọṣẹ tí a fi mẹ́kúrì sí lè yege nínú gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí. Apakòkòrò ni wọ́n fi pè é lójú páálí, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ń rà á fún ni pé ó ń bó àwọ̀. Irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní mercury iodide tó ìdá 1 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń hó, ó ń ta sánsán, kì í ta ara bíi kọ́sítíìkì. Kíndìnrín ni ó ń bá jà. Ní 1972, àwọn dókítà ní Nairobi kọ̀wé nípa àwọn àgbàlagbà tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Ó lé ní ìdajì wọn tí ó ti lo ìpara ìbóra tó ní mẹ́kúrì nínú.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà láti rí i. Láti 1968 ni Hatch àti Ott ti kọ̀wé nípa ọ̀nà kan tó rọrùn. A ó fi ásíìdì líle jẹ ọṣẹ náà di omi, a ó fi èròjà tánganran kan sọ mẹ́kúrì inú rẹ̀ di mẹ́kúrì gidi, afẹ́fẹ́ a sì gbé e jáde bí oruku láìlo iná, nítorí pé òun nìkan ni mẹ́táàlì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nírọ̀rùn. Ìmọ́lẹ̀ tí oruku náà bá gbé mì ni yóò sọ iye rẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò béèrè.

Ní 1976, àwọn orílẹ̀-èdè Ọjà Àpapọ̀ Yúróòpù fòfin de mẹ́kúrì nínú ọṣẹ ìwẹ̀ tiwọn. Òfin náà dáàbò bo awọ ara àwọn ará ibẹ̀. Kò dí ọ̀nà èbúté. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣì ń ṣe é, wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí Áfíríkà. Ọdún 2003 ni Yúróòpù tó fòfin de kíkó o jáde, ọdún 27 lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà pé kò yẹ ara ọmọ ènìyàn. Ó ṣòro láti pe èyí ní àìmọ̀.

Nàìjíríà dá NAFDAC sílẹ̀ nípasẹ̀ òfin 1993, ohun ìpara àti kẹ́míkà sì wà lábẹ́ àkóso rẹ̀. Ní 2013, àdéhùn Minamata, tí a fi orúkọ ìlú Japan tí mẹ́kúrì ilé-iṣẹ́ ti ba ẹja àti ènìyàn jẹ́ pè, fi ààlà sí ìdá 1 nínú mílíọ̀nù kan, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ọṣẹ tó ní ìdá 1 mercury iodide nínú ọgọ́rùn-ún fi ju ìlọ́po 4,000 lọ kọjá ààlà yẹn. Ní 2023, ní Geneva, ìpàdé àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn náà mú ààlà ọ̀hún kúrò: láti 2025, ohun ìpara tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ fi mẹ́kúrì sí kò tún ní ìwọ̀n tí a lè gbà láyè.