Adé Oòrùn Lókè Atakpamé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn pátápátá ní agbègbè wa, láti Atakpamé dé Morétan. Fún ìṣẹ́jú bíi 3, a rí ìmọ́lẹ̀ funfun tí ó yí i ká bí adé: gáàsì gbígbóná tí agbára òòfà oòrùn dì mú ni. Nígbà mìíràn, apá kan rẹ̀ a já, a sì lọ́ bí okùn. Bí ó ti ń jìnnà, ohun tí ń tẹ̀ ẹ́ láti òde ń dínkù, ó sì ń wú sí i. Bí ó bá kọrí sí ayé, ó sábà ń lo ọjọ́ 1 sí 4 lójú ọ̀nà. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, irú ìjì bẹ́ẹ̀ pa iná mànàmáná ní Québec fún nǹkan bíi wákàtí 9. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí a kò tí ì bí nígbà náà mọ̀ pé orísun rẹ̀ ni àwọn òbí wọn fi ojú rí.