Gẹ́ẹ̀mù RPG

RPG (role-playing game) ni wọ́n ń pe gẹ́ẹ̀mù tí ẹni tó ń ṣeré ti ń kó ipa ẹ̀dá-ìtàn kan, tí agbára ẹ̀dá-ìtàn náà sì ń pọ̀ sí i bí eré ṣe ń lọ. Orí tábìlì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, bébà, pẹ́ńsù àti dáìsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tó di 1981, Ultima àti Wizardry sọ ọ́ di olókìkí lórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé idà, oògùn àti ìtàn gígùn ló ń sọ gẹ́ẹ̀mù di RPG. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti dáìsì ni Disco Elysium (2019) fi ń ṣe gbogbo tirẹ̀, RPG paraku sì ni. Ọwọ́ ta ni agbára wà, ẹni tó ń ṣeré ni àbí ẹ̀dá-ìtàn? Ìbéèrè gan-an nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù gẹ́ẹ̀mù Ìkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá ní Èkó, nínú gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ló ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹni tí tirẹ̀ kò yá, á dìde fún ẹlòmíràn. Nínú RPG, ọlọ́wọ́ wúwo náà lè borí, bó bá fi sùúrù tọ́ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ dàgbà. Bó ṣe ń ṣẹ́gun ló ń gba máàkì ìrírí, máàkì yìí ló ń gbé e gòkè ìpele, nínú ọ̀pọ̀ RPG, ẹni tó ń ṣeré fúnra rẹ̀ ló sì máa yàn bóyá agbára apá, ọgbọ́n orí tàbí oògùn ni òun yóò fi kún un.

GTA: San Andreas (2004) ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, bóyá RPG ni tàbí kì í ṣe RPG. CJ, ẹ̀dá-ìtàn tí à ń darí nínú rẹ̀, ń jẹun, ó ń sanra. Ó ń lọ sí jíìmù, iṣan rẹ̀ ń yọ. Síbẹ̀, ọkọ̀ wíwà àti ìbọn yínyìn ló gbé eré náà ró. Iṣan yẹn ń ran CJ lọ́wọ́ nínú ìjà, ṣùgbọ́n àfikún lásán ni.

Gẹ́ẹ̀mù kan tó sún mọ́ wa ni Aurion: Legacy of the Kori-Odan, tí Kiro'o Games ti Yaoundé ní Kamẹrúùnù gbé jáde ní oṣù kẹrin 2016. Nínú ìtàn rẹ̀, wọ́n dìtẹ̀ gba ìtẹ́ ìjọba Zama lọ́wọ́ Enzo, ẹ̀dá-ìtàn tí à ń darí, lọ́jọ́ tó yẹ kó jọba. Òun àti Erine aya rẹ̀ wá ń rìnrìn àjò kiri láti gba agbára àwọn baba ńlá rẹ̀. Ìjà inú gẹ́ẹ̀mù náà yára, ó ń fẹ́ ọwọ́ yíyá, ṣùgbọ́n agbára tí Enzo bá kó jọ ló ń pinnu ibi tó lè dé. RPG ni, kò sí àníàní. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù oní-PlayStation.