Ìkòkò Kan Lójú Ààlà

Tahọ́n-teyín a máa jà, ẹnu kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé. Àwọn àgbà wa pa òwe yìí nítorí tọkọtaya àti ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kékeré kan wà láàrin ilẹ̀ Yúróòpù tí òwe náà bá mu rẹ́gí. Swítsàlandì ni orúkọ rẹ̀. Kò ní etíkun, òkè ńláńlá ni ó gba ibi púpọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ sì tó bí mílíọ̀nù 9. Síbẹ̀, èdè mẹ́rin ni òfin rẹ̀ mọ̀. Nínú ènìyàn 100, bí 62 ni ń sọ èdè Jámánì, bí 23 ń sọ Faransé, bí 8 ń sọ Ítálì. Àwọn tí ń sọ Rómáǹṣì, èdè àtijọ́ ti orí òkè, kò tó ẹnì kan.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ìfẹ́ ni ó so wọ́n pọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn wọn wò, kí a lè mọ ohun tí ó mú ilé wọn dúró.

Ní ọdún 1291, àwọn ará àfonífojì mẹ́ta, Uri, Schwyz àti Unterwalden, bá ara wọn mulẹ̀ pé àwọn yóò máa gbèjà ara wọn. Ìlú mìíràn ń wọ inú májẹ̀mú náà díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi di ìpínlẹ̀ 13 ní ọdún 1513. Àwọn tí ń sọ Ítálì ní Ticino kò wọlé bí ọ̀rẹ́ ní tiwọn. A fi agbára gba ilẹ̀ wọn, a sì ń rán ajẹ́lẹ̀ lọ jọba lé wọn lórí. Ní ọdún 1536 ni ìlú Bern fi ogun gba Vaud, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Òǹkàwé tí ó mọ ohun tí ajẹ́lẹ̀ jẹ́ nínú ìtàn tiwa kò ní béèrè bóyá inú wọn dùn sí i. Ó di ọdún 1803, lábẹ́ àṣẹ Napoleon, kí Ticino àti Vaud tó di ìpínlẹ̀ tí ó bá àwọn ọ̀gá wọn àtijọ́ dọ́gba.

Ìsìn pẹ̀lú pín wọn, ó sì pín wọn ju èdè lọ. Láti ọdún 1519 ni Ulrich Zwingli ti ń wàásù àtúnṣe ìjọ ní Zürich, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ márùn-ún ní àárín òkè kò fi ìjọ Àgùdà sílẹ̀. Ní ọdún 1529, ogun méjèèjì dojú kọ ara wọn ní Kappel, lójú ààlà Zürich àti Zug. Bí àwọn olórí ti ń sọ̀rọ̀ ìlàjà lọ́wọ́, ebi ń pa àwọn ọmọ-ogun. Heinrich Bullinger, ẹni tí ó gba ipò Zwingli lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará òkè ní wàrà púpọ̀, wọn kò sì ní búrẹ́dì. Àwọn ará Zürich ní búrẹ́dì. Wọ́n gbé ìkòkò wàrà kan ka ojú ààlà gan-an, wọ́n rún búrẹ́dì sí i, ọ̀tá àti ọ̀tá sì jọ jókòó tì í. Bí ẹnì kan bá na ṣíbí kọjá àárín ìkòkò, ẹni òdìkejì a fi ṣíbí gbá a lọ́wọ́, a ní kí ó jẹ ní ìhà tirẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ogun náà kò sì jà.

Ìbá dùn bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀. Ní ọdún 1531, Zürich àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ti ọ̀nà ọkà àti iyọ̀ mọ́ ìpínlẹ̀ márùn-ún náà. Búrẹ́dì tí wọ́n jọ jẹ lánàá ni wọ́n fi dù wọ́n lónìí. Àwọn ará òkè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá, ní Kappel kan náà, wọ́n ṣẹ́gun Zürich, Zwingli fúnra rẹ̀ sì kú lójú ìjà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ṣe ìsìn tirẹ̀. Ohun tí ṣíbí ti fi àwàdà sọ, ẹ̀jẹ̀ ni a fi sọ ọ́ di òfin.

Ìjà ìkẹyìn dé ní oṣù kọkànlá ọdún 1847, nígbà tí ìpínlẹ̀ méje ti ìjọ Àgùdà fẹ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn ṣe. Guillaume-Henri Dufour, ará Geneva, ni a fi ṣe olórí ogun ìjọba. Ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ pé kí wọ́n dáàbò bo obìnrin, ọmọdé, arúgbó àti àlùfáà, kí ìṣẹ́gun wọn má ṣe ní àbàwọ́n. Kò pé oṣù kan tí ogun náà fi parí, àwọn tí ó kú sì tó bí 100. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ tí ó bí ẹgbẹ́ Red Cross ní ọdún 1863. Nínú òfin tuntun ti ọdún 1848, àwọn aṣẹ́gun kò kó gbogbo ìkòkò lọ sílé: nínú ọ̀kan nínú ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì, ìjókòó 2 ni wọ́n fún Uri kékeré, ìjókòó 2 kan náà ni wọ́n fún Zürich. Síbẹ̀ wọ́n lé àwọn àlùfáà Jésúìtì jáde, òfin yẹn kò sì kúrò títí di ọdún 1973.

Ẹni tí ó bá la ilẹ̀ náà kọjá lónìí yóò rí òfin ìkòkò yìí nínú ìlú àti nínú oúnjẹ. Basel wà létí odò Rhine. Ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì ibẹ̀ ni David Hinderer ti gba ẹ̀kọ́ kí ó tó mú ìhìnrere dé Ìbàdàn ní ọdún 1851. Ní Bern, tí odò Aare yí ká ní ìhà mẹ́ta, tí a sì fi òkúta tún kọ́ lẹ́yìn iná ńlá ọdún 1405, ànàmọ́ òyìnbó tí a rin, tí a sì fi ọ̀rá dín, ni oúnjẹ àwọn àgbẹ̀. Rösti ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí o bá dé Fribourg, tí àwọn tí ń sọ Jámánì ń pè ní Freiburg, o dé ojú ààlà èdè. “Kòtò rösti” ni àwọn ará ilẹ̀ náà fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ pe ààlà yìí. Ìhà Faransé ni wọ́n ti ń yọ́ wàràkàṣì nínú ìkòkò kan, tí gbogbo ilé sì ń fi fọ́ọ̀kì gígùn ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Ní Ticino, ọkà ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n ń rò. Lórí òkè Graubünden, níbi tí èdè mẹ́ta ti ń gbé pọ̀, ewé ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń di ìyẹ̀fun pípò bí ẹni di ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ewé náà pẹ̀lú.

Kì í ṣe pé wọn kò ní àléébù. Títí di ọdún 1971 ni àwọn ọkùnrin wọn fi du àwọn obìnrin ní ìbò ní ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 1815 ni àwọn ọba Yúróòpù fi ilẹ̀ Jura, tí ń sọ Faransé, lé Bern lọ́wọ́. Ìkùnsínú ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dáná sun ilé. Ṣùgbọ́n ìbò ni wọ́n fi parí rẹ̀: ní ọdún 1978 gbogbo orílẹ̀-èdè gbà, Jura sì di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1979. Bákan náà ni ìbò gbogbogbòò ti ọdún 1938 ṣe sọ Rómáǹṣì di èdè orílẹ̀-èdè, bí àwọn tí ń sọ ọ́ tilẹ̀ kéré níye. Lára owó wọn, èdè Látìnì ni wọ́n kọ orúkọ ilẹ̀ wọn sí, Helvetia, kí èdè kankan má bàa gba iwájú èkejì.

Àwa tí èdè wa pọ̀ ju tiwọn lọ, a máa ń dá èdè lẹ́bi nígbà tí ilé bá dàrú. Àwọn ará Kappel kò gbọ́ ìsìn ara wọn yé, síbẹ̀ wọ́n jẹun pọ̀ ní ọdún 1529. Ìyàn àmọ̀ọ́mọ̀dá ni ó dá ogun ọdún 1531 sílẹ̀. Kí olúkúlùkù mọ ìhà tirẹ̀ nínú ìkòkò, kí ẹni tí búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀ má sì fà á sẹ́yìn.