Ọ̀wọ́n

Ara "wọ́n" ni a ti yọ "ọ̀wọ́n": ohun tó ṣòroó rí, tó sì gbówó lórí. Ìtumọ̀ méjèèjì ò ṣeé yà. Ohun tó bá dín kù ni iye rẹ̀ ń ga, ìjà sì ń bá a rìn. Ẹ wo Adágún Chad tí orílẹ̀-èdè mẹ́rin yí ká: láàárín 1963 sí 1990, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ gbẹ. Apẹja, àgbẹ̀ àti darandaran wá ń du ìwọ̀nba tó kù. Àwọn kan á ní ìjọba tí kò dára ló fa ogun tó ń jà lágbègbè adágún náà, kì í ṣe omi. Òótọ́ ni pé ọ̀wọ́n nìkan kì í dá ogun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: ọ̀dọ́ tí kò rí oúnjẹ jẹ rọrùn fún ẹgbẹ́ agbébọn Boko Haram tó ń jagun níbẹ̀ láti fà mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ àlàáfíà, kó kọ́kọ́ pín omi bó ṣe tọ́.